Abẹ́rẹ́ Gígún àti Ìtají Ìfun Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Inú

Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti la ikùn aláìsàn, ìfun rẹ̀ a dáṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ tí ó kan ìfun, wíwú tí ìfun wú, àti oògùn apàrora bíi mọ́fíìnì wà lára ohun tí ń fa èyí. Ikùn a le, oúnjẹ kì í ṣe é jẹ, títí aláìsàn yóò fi só tàbí tí yóò fi yàgbẹ́. Ìsó tí à ń tijú rẹ̀ láwùjọ ni dókítà ń retí bí ìròyìn ayọ̀.

Àwọn ará Ṣáínà a máa gún abẹ́rẹ́ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ olóògùn. Irin tín-ín-rín lásán ni. Ibi tí wọ́n ń gún jù ni Zusanli, ní ìsàlẹ̀ orúnkún.

Ní oṣù keje ọdún 1971, wọ́n yọ àpẹ́ńdíìsì James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ní Beijing. Nígbà tí inú ń ni ín lára ní alẹ́ kejì, wọ́n gún abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí ìgbọ̀nwọ́ àti ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, wọ́n sì jó ewé kan lókè ikùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí wákàtí kan tó pé, ara ti dẹ òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yí ìtàn yìí po, tí wọ́n ń sọ pé abẹ́rẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí ó mọ ìrora iṣẹ́ abẹ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀: oògùn òyìnbó ni wọ́n lò fún ìyẹn.

Ẹ̀rí Reston kò tó gbé ìdájọ́ lé. Ìfun a máa jí fúnra rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ bóyá abẹ́rẹ́ ni, ewé ni, tàbí àkókò? Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń gún ayédèrú abẹ́rẹ́ fún apá kan àwọn aláìsàn. Nínú ìwádìí Hong Kong tí ó jáde ní 2013, aláìsàn 165 ni wọ́n pín sí mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ oníná mànàmáná fún yàgbẹ́ lẹ́yìn wákàtí 85.9, àwọn oníayédèrú, 107.5, àwọn tí a kò gún rárá, 122.1. Ẹni tí ó bá fi ìkínní wé ìkẹta nìkan yóò ka gbogbo wákàtí 36 sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 22 ni ó ku bí a bá fi wé ayédèrú. Ìwádìí mìíràn láti New York, lọ́dún kan náà, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín òótọ́ àti ayédèrú.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Ṣáínà, tí ó jáde ní 2022 lórí aláìsàn 248: wákàtí 76.4 sí 90. Wákàtí bíi 14 lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n àwọn tí ìfun wọn pẹ́ jù kí ó tó jí jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gún ní tòótọ́, wọ́n sì jẹ́ 20 lọ́dọ̀ àwọn oníayédèrú.