Ẹ̀bùn Ọdún Tí Kò Ní Di Gbèsè

Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, ojú ọjà a yí padà. Ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, àwọn tí ń ta gíláàsì ojú oníke àti aago ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ a tẹ́ ọjà wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn aláṣọ a gbé àńkárá tuntun kọ́ síwájú. Àwọn ọmọ ń wò, àwọn òbí náà ń wò, wọ́n sì ń fọkàn ka owó tí ó wà nínú àpò. Nọ́ẹ́lì ń bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun ń tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun.

Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ọdún yóò fi kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ a wọlé padà, onílé a béèrè owó rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè Benin ni 52,000 fránkì. Ẹni tí ó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ná 20,000 sórí ẹ̀bùn, 32,000 ni ó kù tí yóò fi jẹun, tí yóò fi sanwó ilé, tí yóò sì fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ewu ti oníṣòwò kékeré tún ju èyí lọ, nítorí owó tí ó fi ń ra ẹ̀bùn lè jẹ́ owó òwò rẹ̀ gan-an. Ìyá tí ó fi owó gàrí ra bàtà ọdún fún ọmọ mẹ́rin, kí ni yóò fi ra gàrí mìíràn tí yóò tà? Owó èlé ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ yá. Bàtà a sì gbó kí gbèsè tó tán.

Ẹ̀bùn tí ó dára kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a fẹ́ fún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà tí ó ń táràrà jáde lóru, tọ́ọ̀ṣì kan tí bátìrì wà nínú rẹ̀ yóò wúlò fún un ju fìlà olówó ńlá lọ. Ìyá tí ń ta ẹ̀kọ, tí asẹ́ rẹ̀ ti ya, tí ó ń fi abẹ́rẹ́ rán an lójoojúmọ́, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ra asẹ́ tuntun fún òun ti ń wo òun tipẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ọmọdé. Ohun tí ń dán ni wọ́n fẹ́, kò sì burú kí wọ́n rí gíláàsì oníke kan fi ṣeré lọ́jọ́ ọdún. Kí bàtà ọdún ṣáà jẹ́ èyí tí wọn yóò lè wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọdún.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbàgbé: ohun tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa lè ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, iṣu kì í ṣe nǹkan bàbàrà ní oṣù kejìlá. Inú oko ni ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbé Àjàṣẹ́, ọwọ́ alágbàtà kejì tàbí ìkẹta ni ó ti ń ra iṣu, owó ọkọ̀ sì ti gun orí rẹ̀. Bí àbúrò bá di iṣu márùn-ún ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́, owó díẹ̀ ni ó jáde lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ńlá ni ó wọ ilé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà kò sì ní wá aṣọ olówó iyebíye láti fi dá a padà. Ọ̀sà wà ní Àjàṣẹ́; edé gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, epo pupa náà wà. Igò epo kan àti edé díẹ̀ tí a fi bébà wé, tí a kó lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ ọdún ti dé nìyẹn. Àwọn ará Kétu náà ní ẹ̀pà àti àgbàdo tiwọn. Kí a ṣáà rántí owó ọkọ̀. Bí owó tí awakọ̀ yóò gbà bá ju iye iṣu lọ, ó sàn kí a dúró de ará ilé tí ó ń rin ọ̀nà náà, kí ó bá wa gbé e.

Ní ti aṣọ, píìsì àńkárá kan jẹ́ yáàdì 12, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ yáàdì 6. Obìnrin tí agbára rẹ̀ ká yáàdì 6 lè kó gbogbo rẹ̀ fún aránṣọ kí ó fi rán aṣọ kan ṣoṣo fún ara rẹ̀. Ó sì lè gé e sí ìró mẹ́ta, yáàdì 2 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún òun fúnra rẹ̀. Ìró kò ní owó ìránṣọ púpọ̀ nínú. Etí rẹ̀ nìkan ni a ó ṣẹ́. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ ọdún, gbogbo àdúgbò ni yóò rí i pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Owó kékeré tí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sàn ju owó ńlá tí a yá lọ. Káàdì àjọ ní ilé 31. Ẹni tí ó ń dá 100 fránkì lójúmọ́ yóò dá 3,100. Alájọ yóò mú 100 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, 3,000 yóò sì kù. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, tí kò sì fo ọjọ́ kankan, káàdì mẹ́rin yóò ti kún ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá: 12,000 fránkì, láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kí ó yan alájọ tí àdúgbò mọ̀, kí ó sì máa ka àmì inú káàdì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú èsúsú lè tètè bẹ ẹgbẹ́ wọn pé kí gbígba tiwọn bọ́ sí oṣù kejìlá. Kí àwọn Mùsùlùmí fi sọ́kàn pé ọdún Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fi oṣù tí ó ṣe é lọ́dún tó kọjá ka ọjọ́, owó rẹ̀ lè má tíì pé nígbà tí ọdún bá dé.

Ẹni tí kò ní owó rárá ní ọwọ́. Onídìrí lè di irun ọmọ opó àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó ti dàgbà lè jókòó ti igbá ọjà ìyá rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kí ìyá lè sinmi.

Ẹ̀bùn kan sì tún wà tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé nìkan ni wọ́n lè fún ilé wọn, tí owó rẹ̀ kò ju ti ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bíírò kan lọ. Ní Kétu, ìdílé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ láti ìran dé ìran jẹ́ láti mọ ìtàn àwọn Alákétu lórí. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Orí ìyá àgbà kan ni gbogbo rẹ̀ wà: oríkì ìdílé, orúkọ àwọn bàbá ńlá, abúlé tí wọ́n ti ṣí wá, ohun tí ilé kì í jẹ. Bí ìyá náà bá kú, ó parí. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà kọ lè jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọdún tó dé, kí ó béèrè, kí ó sì máa kọ ọ́ bí ìyá ti ń sọ ọ́, ní èdè Yorùbá tí ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò dìgbà tí àmì ohùn bá pé kó tó bẹ̀rẹ̀. A lè tún un kọ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí oúnjẹ bá ti wọlé, kí ó kà á sókè létí ìyá àti létí àwọn ọmọ. Kí ó sì fi ojú-ewé díẹ̀ sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn ìwé náà, nítorí ìyá yóò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu pé orúkọ kan kù tí wọ́n fò.