Bí Ẹni tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́ SS Bá Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ìbéèrè kan wà tí dókítà máa ń bi ẹbí kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ: "Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀?" Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n mo rí ìyá kan tí kò lè dáhùn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó jókòó tì í. Ó ní, "AA ni, sà." Ìpá ni wọ́n fẹ́ tún ṣe fún ọmọkùnrin náà, iṣẹ́ tí kì í pẹ́ rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó wo ẹyinjú ọmọ náà tí ó dà bí àwọ̀ ìyeyè, tí ó sì pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè múra sílẹ̀ fún un bí ó ti yẹ.

Àìsàn tí à ń sọ yìí ni àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn mìíràn ń pè ní arọ́mọléegun. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú 1,000 ọmọ tí a bá bí ní Nàìjíríà, nǹkan bí 20 ni ó ń bá a wá sáyé. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn rí roboto, ó sì rọ̀, ó lè yọ́ kọjá nínú iṣan tí ó tín-ín-rín jù lọ. Ti ẹni tí ó jẹ́ SS a máa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn inú rẹ̀ bá dín kù, a máa le, a sì máa dí ojú iṣan. Òtútù, òùngbẹ, àìrí èémí mí dáadáa àti kòkòrò àrùn ni ó máa ń mú èyí yá kánkán. Ẹ wá wò ó: yàrá iṣẹ́ abẹ tutù, a ní kí aláìsàn má jẹ kí ó má mu, oògùn akunlóorun ń dín agbára èémí kù, abẹ sì ń ṣí ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti ń sá fún nílé ni ó pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó mú ẹnikẹ́ni sá fún abẹ. Òkúta inú àpò òróòro àti eegun orí itan tí ó kú sínú ìgbáròkó jẹ́ ohun tí ó sábà máa ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń ṣe é, wọ́n ń padà sílé láyọ̀. Ìkánjú àti ìbòmọ́lẹ̀ ni ẹ bẹ̀rù. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ tí ara aláìsàn dá ṣáṣá, tí kò ní ibà, tí eegun kò sì ro ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ dojú kọ. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, àwọn ènìyàn 67 tí wọ́n ní àìsàn yìí tí wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ni a pín sí ọ̀nà méjì. Nínú 33 tí a kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ṣáájú, 13 ni wàhálà bá. Nínú 34 tí a fà á sí lára, 5 péré ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn wàhálà tí ó le náà, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ náà kò tóbi. Ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà rí, ara rẹ̀ lè ti kọ́ bí a ṣe ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àlejò, ó sì ń gba àkókò kí a tó rí èyí tí ó bá a mu. Kì í sì í ṣe pé kí ẹ̀jẹ̀ ṣáà pọ̀ ni ó dára: bí ó bá ki jù, kò ní lè ṣàn geere mọ́. Nǹkan bí PCV 30 ni àwọn dókítà sábà máa ń lépa.

Ẹ má fojú kékeré wo SC náà, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju láàárín àwọn tí ń gbé ìlà-oòrùn odò Ọya lọ. PCV rẹ̀ lè ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí i. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà mìíràn, ṣe ni a óò kọ́kọ́ fa díẹ̀ jáde kí a tó fi òmíràn rọ́pò. Nítorí náà, kò tó kí ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà "kò dára". Ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an.

Ní ti ebi, ìlànà tí a mọ̀ ni pé kí a má jẹ oúnjẹ fún wákàtí 6, kí a má sì mu omi lásán fún wákàtí 2 ṣáájú oògùn akunlóorun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, wọn a ní kí aláìsàn má fi ohunkóhun kan ẹnu láti alẹ́, iṣẹ́ abẹ a sì falẹ̀ di ọ̀sán. Fún ẹni tí ó jẹ́ SS, òùngbẹ bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, SS ni ọmọ wa. Ìgbà wo ni kí ó mu omi gbẹ̀yìn? Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ṣé ẹ lè fi dírípù sí i lára?" Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ó wà lára àwọn tí a óò kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fún un ní omi ní ìkọ̀kọ̀, nítorí omi inú ikùn lè gòkè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ó bá sùn.

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀, fìlà àti kúbùsù dání. Ẹ má jẹ́ kí fáànù dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ má sì fi omi tútù nù ún lára tàbí kí ẹ gbé yìnyín lé ibi tí ń ro ó. Oògùn tí ó ń lò nílé, ẹ kó o hàn dókítà, àti àgbo náà. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn mìíràn láti dárúkọ àgbo níwájú dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn abẹ ni iṣẹ́ ẹ̀yin tí ń tọ́jú rẹ̀ wá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ó sùn sí ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń dá àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìrora bá wà, kí ó sọ ọ́, kí a sì fún un ní oògùn. Ìfaradà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹni tí ojú ọgbẹ́ ń dùn kò ní lè mí kanlẹ̀, èémí tí kò kanlẹ̀ sì ni ó máa ń fa wàhálà inú àyà. Kí ó máa mí kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí kò bá sùn. Kí ó tètè dìde jókòó, kí ó sì rìn bí dókítà bá ti gbà á láàyè. Bí àyà bá ń dùn ún, bí ó bá ń wúkọ́, bí èémí rẹ̀ bá ń yára, tàbí bí ìgbóná ara rẹ̀ bá tó 38, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò ti kí wa tán tí ọkàn sì ti balẹ̀.

Ìyá ọkọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ni ó jókòó ti ọmọ náà ní òru méjèèjì. Ó fi òkúta kéékèèké mẹ́wàá sínú abọ́, ó ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde bí ọmọ ti ń mí. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó ń bínú sí òun. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun ka òkúta òun tán.