Tírákítọ̀ Àtijọ́ tí Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ Kò Jáwọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ tírákítọ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà yóò ní jíà kò wọlé mọ́, mẹkáníìkì yóò ní àfi kí a tú tírákítọ̀ sí méjì, akápò yóò sì ní kò sí owó. Kí ìgbìmọ̀ tó fẹnu kò, àkókò gbígbin àgbàdo ti ń kọjá lọ, àwọn tí wọ́n ti san owó ìtúlẹ̀ sílẹ̀ sì ti ń wá owó wọn gbà padà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn tírákítọ̀ àtijọ́: kílọ́ọ̀ṣì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò jáwọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àìsàn yìí ń bèèrè pé kí a tú ohunkóhun.

Massey Ferguson 135 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti lé ní 40 ọdún, dírẹ́bà tí ó sì ti jókòó lé wọn lórí kò níye.

Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì kò ṣòro láti yé ènìyàn. Pléètì pẹlẹbẹ kan wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì. Irin méjì ni ó há a mọ́ra bí ìgbà tí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjì há nǹkan: fúláìwíìlì níwájú, irin mìíràn tí sípíríìnì ń tì lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá há a, ẹ́ńjìnnì ń yí jíàbọ́ọ̀sì. Bí dírẹ́bà bá tẹ pẹ́dà, bíárìn kan yóò lọ ti àwọn ìka irin kéékèèké, àwọn ìka náà yóò fa irin ẹ̀yìn sẹ́yìn, pléètì yóò sì bọ́. Bí pléètì kò bá bọ́ tán, jíàbọ́ọ̀sì yóò máa yí lọ, jíà yóò sì máa ké nígbà tí a bá fẹ́ kì í bọlé. Nígbà mìíràn tírákítọ̀ yóò máa rá lọ bí dírẹ́bà tilẹ̀ tẹ pẹ́dà kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí ó ń so ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹsẹ̀ dírẹ́bà ti dá a dúró. Tírákítọ̀ tí ó bá ń rá báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí níwájú rẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe.

Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀. Èyí tí ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò máa pariwo ṣùgbọ́n tírákítọ̀ kò ní lè fa ẹrù, òórùn ohun tí ń jó a sì máa jáde. Àìsàn méjèèjì lòdì sí ara wọn, oògùn ọ̀kan sì ni ó ń fa èkejì, bí a ó ti rí i.

Kí a tó dá tírákítọ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ dírẹ́bà wò. Jíà 135 kò ní ohun tí ń mú eyín jíà bára mu fúnra rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní. A gbọ́dọ̀ dá tírákítọ̀ dúró pátápátá, kí a tẹ pẹ́dà, kí a sì ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹ ki jíà àfẹ̀yìnrìn bọ̀ ọ́. Bí ó bá wọlé láìké, kílọ́ọ̀ṣì kò ní àìsàn, ìkánjú ni. Bí ó bá ṣì ké, àìsàn wà.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Ibi kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí pẹ́dà ń lọ lófo kí ó tó kan nǹkan tí ó le. Lára ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ àtijọ́, àyè yìí kì í ju nǹkan bí ínṣì kan lọ. Ìwé tírákítọ̀ yín ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an, òun sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí àyè náà bá ti pọ̀ jù, pẹ́dà yóò ti kanlẹ̀ kí bíárìn tó ti àwọn ìka dé ibi tí ó yẹ. Bí pléètì bá sì ń jẹ, ńṣe ni àyè yìí ń dín kù, kì í pọ̀ sí i. Nítorí náà bí ẹ bá rí i tí ó pọ̀ jù, ẹ bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ ní ọdún tó kọjá, ẹnìkan sì tú nọ́ọ̀tì láti wò ó sàn, ó tú u kọjá ààlà. Bí kò bá sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ẹ wo àwọn pín-ìnnì àti ihò tí wọ́n wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pá tí ó gba inú ilé kílọ́ọ̀ṣì kọjá. Kí ẹnìkan tẹ pẹ́dà, kí ẹlòmíràn máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí pẹ́dà bá ń lọ tí ọ̀pá kò sì tẹ̀ lé e bọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Owó pín-ìnnì kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú tírákítọ̀.

Àwọn 135 tí wọ́n ní kílọ́ọ̀ṣì alápá méjì ń fẹ́ àkíyèsí tiwọn. Pléètì méjì ni ó wà nínú wọn, èyí tí ó fẹ̀ ní ínṣì 11 fún táyà, àti èyí tí ó fẹ̀ ní ínṣì 9 fún ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń yí ẹ̀rọ gígé koríko. Bí pẹ́dà bá dé ìdajì, táyà yóò dúró. Bí ó bá kanlẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn náà yóò dúró, àti ẹ̀rọ tí ń fún apá tírákítọ̀ lágbára láti gbé ẹrù. Nítorí náà, bí jíà bá ń wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí apá ẹ̀yìn ṣì ń gbéra sókè nígbà tí pẹ́dà kanlẹ̀, pléètì kejì ni kò jáwọ́. Títún èyí ṣe kì í ṣe iṣẹ́ dírẹ́bà. Mẹkáníìkì tí ó ní ìwé tírákítọ̀ náà lọ́wọ́ ni kí ẹ pè.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu jù lọ ni ti tírákítọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní ibi tí òjò ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fúláìwíìlì yóò dógùn-ún, pléètì yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ kò ṣe é nǹkan kan, ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde jíà kò wọlé rárá. Ẹ má ṣe tú u. Ẹ tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, ẹ fi igi kọ́ ọ síbẹ̀ kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ yọ igi, ẹ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì kí ó gbóná dáadáa, ẹ sì tún un dán wò. Bí kò bá jáwọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa ọwọ́ tí ń pa á jáde kí ó má baà ráná, ẹ ki jíà tí ó yára jù bọ̀ ọ́, kí dírẹ́bà tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, kí tírákítọ̀ mìíràn sì fi ẹ̀wọ̀n tí ó nípọn fà á ní ìrìn ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú yóò takú, táyà yóò máa yí, agbára méjèèjì ni yóò sì já pléètì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà láàrin tírákítọ̀ méjèèjì, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

A ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi ìrẹ́nijẹ́ irin so iná bátìrì pọ̀ láti ilẹ̀ kí tírákítọ̀ lè ṣáná nínú jíà. A kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Táyà ńlá ẹ̀yìn ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ wo ihò kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Bí òróró bá ń kán níbẹ̀, ó ti dé ara pléètì. Òróró dúdú, ti ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tí ó mọ́ díẹ̀, ti jíàbọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù sínú ihò náà láti fọ̀ ọ́, iná ni ẹ ń wá.

Nígbà náà ni títú dé. Tírákítọ̀ yìí ju 1,300 kìlógíráàmù lọ. Jáàkì nìkan kò tó, àfi igi ńlá tí a tò gbọin sábẹ́ apá méjèèjì. Ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀ tú tiwọn, wọ́n ra pléètì titun, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, jíà sì ń ké síbẹ̀. Bíárìn kékeré tí ó wà ní àárín fúláìwíìlì, tí ó gba orí ọ̀pá jíàbọ́ọ̀sì dúró, ni ó ti há, ó sì ń yí ọ̀pá náà káàkiri bí pléètì tilẹ̀ jáwọ́. Wọ́n sanwó títú lẹ́ẹ̀méjì. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá tú u, ẹ pààrọ̀ bíárìn kékeré yẹn àti bíárìn tí pẹ́dà ń tì, ẹ nu eyín ọ̀pá mọ́ kí pléètì lè yọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé gíga àwọn ìka irin dọ́gba. Pléètì tí ó bá wọ́ kì í tún tọ́ mọ́. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀: pléètì àtijọ́ sábà máa ń ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ tó fi àkísà nù ún.

Nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá parí tí ẹ fẹ́ gbé tírákítọ̀ kalẹ̀, ẹ gé igi kan tí yóò máa di pẹ́dà mú mọ́lẹ̀, kí pléètì má baà lẹ̀. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ìtọ́ tírákítọ̀, kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gùn ún ní ọdún tó ń bọ̀ lè rántí yọ igi náà.