Ẹ́ńsáìmù Oníbejì àti Ṣúgà Inú Pòpórò

Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni ìṣẹ̀dá fi sin iṣu àti òwú. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni gúlúkóòsì, ṣúgà tí ara ń lò fún agbára, tó máa ń so mọ́ra lọ́pọ̀ títí yóò fi di okùn gígùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rún iṣu sísè pẹ́ lẹ́nu yóò rí i pé ó ń dùn sí i, nítorí pé nǹkan kan wà nínú itọ́ tó ń já okùn náà, ṣùgbọ́n bí ó bá rún òwú láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní bá adùn kankan níbẹ̀. Bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ṣe kọjú síra ló fa ìyàtọ̀ yìí. Nínú sítáàṣì, ìyẹn okùn inú iṣu, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, okùn náà a sì ká bí irun, omi a rí àyè wọ̀ ọ́. Nínú òwú, bí ọ̀kan bá dojú sókè, èyí tó tẹ̀ lé e a da ojú délẹ̀, okùn náà a nà tọ́ọ́rọ́, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ a sì sùn ti ara wọn bí ọwọ̀ tí wọ́n dì pinpin, débi pé omi kò rí ojú wọlé. Okùn tó nà yìí ni sẹ́lúlóòsì, tí Anselme Payen, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, yọ sọ́tọ̀ lára ewéko ní 1838, òun ló sì wà nínú igi, nínú pòpórò àgbàdo àti nínú ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán.

Màlúù àti ewúrẹ́ pàápàá kò lè dá sẹ́lúlóòsì tú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn wọn ló ń bá wọn ṣe é. Irinṣẹ́ àwọn kòkòrò náà ni ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí ohun kan tètè yí padà di òmíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán nídìí iṣẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló kan ọ̀rọ̀ yìí: èyí àkọ́kọ́ a já okùn láàárín, èkejì a mú un láti etí, a máa yọ ìlẹ̀kẹ̀ ní méjì-méjì, ẹ̀kẹta a sì la méjì náà níyà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ gbójú lé jù fún wọn, Trichoderma reesei, ìbátan irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, kò ti ilé ìwádìí wá: ní Erékùṣù Solomon ni wọ́n ti rí i nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tó ti ń jẹ àgọ́ aṣọ òwú mọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lórí. Orúkọ Elwyn Reese, tó ṣe ìwádìí rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńsáìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń léfòó nínú omi, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń gé igi wà ní Ọ̀wọ̀, tí ẹni tó ń là á wà ní Ìkàrẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń so méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di ẹyọ kan, inú àkọsílẹ̀ DNA sì ni wọ́n ti ń so ó. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka àkọsílẹ̀ yìí nígbà tó bá ń mọ purotéènì. Bí ó bá kan TAA, TAG tàbí TGA, yóò dúró, bí òǹkàwé tó kan àmì ìdánudúró. Bí wọ́n bá pa àmì náà rẹ́ ní ìparí ẹ́ńsáìmù kìíní, tí wọ́n fi gbólóhùn kúkúrú kan so ó mọ́ èkejì, sẹ́ẹ̀lì yóò kà á lọ láìmí, purotéènì kan ṣoṣo tó ní ọ̀bẹ méjì ni yóò sì mọ. Gbólóhùn kúkúrú yẹn ló ń di ìdè tó wà láàárín ọ̀bẹ méjèèjì, ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì pọ̀ síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ: bí ìdè bá kúrú jù, ọ̀bẹ méjèèjì a máa dí ara wọn lọ́wọ́, bí ó bá gùn jù, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé purotéènì lè já a sí méjì, gbogbo làálàá a sì di asán.

Ìṣẹ̀dá ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ènìyàn. Caldicellulosiruptor bescii, bakitéríà tí wọ́n rí nínú omi gbígbóná ní Kamchatka, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní purotéènì kan tó ń jẹ́ CelA, tí ọ̀bẹ wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, tí ẹ̀yà mẹ́ta sì wà láàárín tí kì í gé ohunkóhun bí kò ṣe kí wọ́n di sẹ́lúlóòsì mú. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé bí ẹ́ńsáìmù fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń bó ojú sẹ́lúlóòsì bí ẹni ń bó èèpo iṣu, CelA a tún máa dá a lu wọ inú, bí kòkòrò ṣe ń dá ẹ̀wà lu.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń lépa gan-an ni kòkòrò àìfojúrí kan ṣoṣo tí yóò já okùn sẹ́lúlóòsì, tí yóò sì sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí tí ọkọ̀ lè lò. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń dán wò jẹ́ ojúlùmọ̀ àwọn adẹ́mu láìjẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ rẹ̀: Zymomonas mobilis, bakitéríà tó wà nínú ẹmu, tó ń bá yíìsì sọ adùn òwúrọ̀ di ọtí ìrọ̀lẹ́. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí NREL ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà, ròyìn pé ó lè ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń gé sẹ́lúlóòsì, kí ó sì tú apá kan rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ mọ CelA lé ní 1,700, nígbà tí ti Cel7A, ọ̀gá ẹ́ńsáìmù fọ́ńgọ́ọ̀sì, jẹ́ nǹkan bí 500, bẹ́ẹ̀ sì ni bí purotéènì bá ṣe gùn tó ni ó ṣe ń nira fún sẹ́ẹ̀lì láti mọ ọ́n kí ó sì tì í jáde. Gbígbé CelA bó ṣe wà sínú bakitéríà ẹmu kò sì lè yanjú ìṣòro náà, nítorí pé ooru 75 sí 85 lórí ìwọ̀n Celsius ni CelA ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí 30 sì ni bakitéríà ẹmu ń fẹ́. Yóò ti kú kí omi tó gbóná tó.