Ìbátan Wa Tí Ń Gbé Inú Iyanrìn

Gbogbo wa ni a mọ ekòló. Lẹ́yìn òjò, a máa ń rí òkìtì kéékèèké tí ó tú sórí ilẹ̀, a sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ nísàlẹ̀. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá kan tí ó jọ ekòló, tí ń gbé inú iyanrìn etí òkun, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ekòló rárá.

Erékùṣù kan wà tí ń jẹ́ Guernsey, nínú òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun, tàbí tí ó bá ràn mọ́jú, oòrùn àti òṣùpá a pa agbára pọ̀ láti fa omi òkun. Ní Guernsey, omi a kún, a sì tún fà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ fi ń tó mítà 10, bí ilé alájà mẹ́ta. Nígbà náà ni iyanrìn tí omi ti bò a fara hàn gbalasa. Ẹni tí ó bá wò ó yóò ní òfìfo ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí iyanrìn tí ó ká jọ bí okùn, kí ó mọ̀ pé onílé lè wà nísàlẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ni Glossobalanus sarniensis, ẹ̀dá tí ó ṣọ̀wọ́n. Koehler, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1886. Sarnia ni a máa ń pe Guernsey ní èdè Látìn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ara rẹ̀ pín sí: imú, ọrùn, àti ara gígùn tí ó kù. Imú ni ọkọ́ rẹ̀. Ó ń wú, ó ń sún kì, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń gbẹ́ ihò. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, ìyọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ihò náà ya lù ú. Ó ń gbé iyanrìn mì, ó ń jẹ oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń ti ìyókù jáde. Irú àwọn ẹ̀dá yìí a máa rùn bí oògùn áyódìn tí a ń fi sójú ọgbẹ́. Ara wọn rọ̀ gan-an. Bí a bá fà wọ́n, jíjá ni wọn yóò já.

Kí ni ó wá kàn wá? Ní 1866, Kowalevsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, rí i pé ìbátan ẹ̀dá yìí kan ní ihò tẹ̀lé ihò lẹ́yìn ọrùn, bí èyí tí ẹja fi ń mí. Ekòló kò ní irú rẹ̀. Àwa ènìyàn pàápàá, nígbà tí a wà nínú oyún, a ní àpò kéékèèké lọ́rùn. Ara wọn ni apá kan etí àti ọ̀fun wa ti jáde. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun àjogúnbá inú ara méjì nínú ìdílé yìí, wọ́n sì rí i pé èyí tí ń tọ́ ihò wọn wà lára tiwa náà. Kì í ṣe pé àwọn ni ó bí wa o. Ìbátan jíjìnnà ni wọ́n.

Nítorí náà, etí òkun kì í ṣe òfìfo. Ní oṣù March 1967, ọkọ̀ epo Torrey Canyon fàya lórí àpáta ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo rẹ̀ sì rìn dé Guernsey. Àwọn ará ibẹ̀ kó o dà sínú kòtò tí a ti ń wa òkúta, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹja lè sá fún epo; ẹni tí ó kọ́lé sínú iyanrìn kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá gbẹ́ iyanrìn etí omi, ẹ rọra gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì dá a padà bí ẹ ti bá a. Ẹ lè má rí onílé, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni ẹ wà.