Rọ́bà Tí Í Wo Ọgbẹ́ Ara Rẹ̀

Ìyánómò tí ó wà lẹ́bàá ìlú Bìní ni ibùdó ìwádìí rọ́bà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1961 wà. Oje igi rọ́bà kò ṣe é fi ṣe táyà bí ó ti wà, nítorí pé oòrùn a máa sọ ọ́ di ohun rírọ̀ tí ń lẹ̀. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ ọn tí a sì fi iná sí i, yóò le. Imí-ọjọ́ ni ó so àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìdè náà kò ṣe é tú mọ́. Ìdí nìyí tí táyà gbígbó kò fi ṣe é yọ́ rọ ní tuntun, tí ó fi ń kún ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn fọkanáísà.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá ń wá ìdè tí ó ṣe é tú, tí ó sì ṣe é so padà. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Jámánì méjì, Otto Diels àti Kurt Alder, ṣàlàyé ní 1928. Wọ́n ti ń fi í sínú polyurethane, ohun tí a fi ń ṣe fóòmù ibùsùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bí ó bá sán, a óò mú un gbóná: ìdè á tú, ohun náà á ṣàn dí ojú ọgbẹ́, bí ó bá tutù, ìdè á tún so.

Rọ́bà tí Ludwik Leibler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Paris ní 2008 kò tilẹ̀ fẹ́ iná. Bí a bá gé e, kí a kàn fi ojú méjèèjì kanra ni. Kò tíì di táyà ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí ìdè tí ó yá láti tú, ẹrù wúwo àti ooru ojú títì lè tú u pẹ̀lú.