Ohun tójú mi rí nígbà tí mo wọkọ̀ èrò láti Èkó dé Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú oníìlú ṣe rí, kó má wọ bàlúù o. Kó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kó wọkọ̀ èrò. Èmi ti ṣe é, ojú mi sì rí nǹkan. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá yìí ni mo lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kàn ń pè ní Kútọnu, bíi pé Kútọnu nìkan ló wà níbẹ̀.

Kì í ṣe pé mo lọ gbafẹ́. Màmá tó bí màmá mi, tí wọ́n ń gbé ní Ṣakí, ni wọ́n rán mi. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá tó bí wọn, ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè. Àbúrò wọn ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà, ti padà sílé bàbá wọn láti ìgbà ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ọdọọdún ló máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún 2018 ló wá gbẹ̀yìn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa, oṣù Kejìlá, ọdún 2020, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Kó tó dìgbà yẹn, nọ́ńbà fóònù bàbá náà ò lọ mọ́.

Ni ìyá bá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó bá wà láyé, kí n mọ̀. Tí kò bá sí láyé, kí n mọ̀. Àìmọ̀ yìí ló ń pa mí." Wọ́n fa fọ́tò kan lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò lọ.

Tẹ́ ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé Ṣakí àti Ṣábẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn, ibodè ló kàn là wọ́n láàárín. Àmọ́ mi ò fẹ́ gba ọ̀nà inú igbó. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ síwèé ni mo fẹ́ gbà, ni mo bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó, mo wọkọ̀ Seme. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 ti sọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Bẹ̀nẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ lèèyàn lè lò. Ìwé ìrìnnà yín àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kẹ́ ẹ mú dání, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀.

Èmi ò fara balẹ̀ níbi tí mo ti ṣẹ́ owó. Ẹni tó bá mi ṣẹ́ náírà sí sífà ń ka owó bí ẹni tí ìjì ń lé. Kútọnu ni mo ti tún un kà, tí mo rí i pé ó dín. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Mo gbé e mì.

Ní Kútọnu, ọ̀kadà tiwọn ni wọ́n ń pè ní zemidjan, ohun tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí lédè Fọ̀n ni "gbé mi kíákíá." Aṣọ yẹ́lò lẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ẹ ná owó kẹ́ ẹ tó gun ẹ̀yìn rẹ̀ o! Epo bẹntiróòlù inú ìgò tẹ́ ẹ máa rí lẹ́bàá ọ̀nà, kpayo ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń fàyàwọ́ rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ìjọba wa yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, àwọn náà bá wa jẹ nínú ìyà ẹ̀, owó kpayo fò sókè lọ́hùn-ún.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ẹ̀rín ni gáràjì. Mi ò gbọ́ Faransé. Mo ń pariwo "Ṣábẹ̀, Ṣábẹ̀," ọmọkùnrin kan gba báàgì mi, ó tì mí sínú Peugeot àtijọ́ kan. Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Bí ọkọ̀ ò bá kún, kò ní kúrò. Ó lé ní wákàtí méjì ká tó gbéra.

A kọjá Àládà, a dé Bohicon, níbi tí èèyàn ti ń yà lọ sí Abọ́mẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Abọ́mẹ̀ yìí náà ló tú Kétu lọ́dún 1886. Níbi tórúkọ wọn ti ń já àwọn baba wa láyà, ẹ̀kọ àti ẹja díndín ni mo rà jẹ.

Ìyá kan tó jókòó tì mí ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mo gbọ́ èkejì. Yorùbá ni! Ó kàn lọ́ díẹ̀ ni. Ọmọ Ìdáàṣà ni. Mo kí i, ó dáhùn, ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Ṣábẹ̀. Ló bá kígbe, "Háà! Sàvàlú lọkọ̀ yìí ń lọ o!"

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ìdáàṣà lọ̀nà ti pín: ọ̀kan forí lé Sàvàlú, èkejì lọ sí Ṣábẹ̀ àti Parakou. Ká ní ìyá yẹn ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí ǹ bá sùn. Òun ló bá mi bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀, òun ló sì mú mi lọ bá ọkọ̀ tí mo wọ̀ gba Glazoué dé Ṣábẹ̀. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀. Ó ní, "Ṣé ọmọ ìyá èèyàn máa ń san owó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò títí mo fi rí àwọn òkè ńláńlá Ṣábẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, làwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ilẹ̀ àwọn méjèèjì máa pín sí. Wọn ò bi Oníṣábẹ̀, wọn ò bi Alákétu. Látìgbà náà lẹ̀gbọ́n ti di ọmọ Nàìjíríà, tí àbúrò di ọmọ Dàhòmì, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ títí di ọdún 1975.

Mo fi fọ́tò hàn lójú ọjà. Ẹni kẹta tí mo bi léèrè ló mú mi délé. Ọmọ bàbá náà obìnrin ló jáde sí mi. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́kún. Mo ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún 2021 ni bàbá kú. Wọ́n ti jí fóònù rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo nọ́ńbà Nàìjíríà sì bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ránṣẹ́, àwọn tí wọ́n rán ò délé wa. Obìnrin náà wọ yàrá, ó gbé aṣọ òfì kan jáde. Ó ní bàbá sọ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, kẹ́nikẹ́ni má ta á.

Mo pe Ṣakí, mo gbé fóònù fún un. Ìyá ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti mọ̀ báyìí. Ọmọ mélòó ló fi sílẹ̀? Ẹ dá orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan." Mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n dá gbogbo wọn, ìyá sì ń ṣàdúrà fún wọn bí wọ́n ṣe ń dá a.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, iyán ni mo ń jẹ ṣáá. Nígbà tí mo ń bọ̀, òfì wà nínú báàgì mi, nọ́ńbà èèyàn mẹ́fà sì wà nínú ìwé, kì í ṣe nínú fóònù nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Ìdáàṣà, ní Àjàṣẹ́, ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn. Kò jìn. Ẹ kọ orúkọ ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí Faransé ṣe ń kọ ọ́, ẹ ka owó yín lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì tètè lọ. Èmi lọ, àmọ́ mo pẹ́.